A Kì í Ka Ọmọ fún Ọlọ́mọ: Ìbàdàn àti Ìtàn Ìfojúdíwọ̀n Iye Ènìyàn

Àwọn àgbà ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ṣùgbọ́n ìjọba ò lè pín owó, kó sì pín àyè ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, láìmọ iye ènìyàn. Ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀.

Ìkànìyàn ọdún 1962 dá awuyewuye sílẹ̀ débi pé wọ́n fagi lé e. Wọ́n tún ènìyàn kà lọ́dún 1963, èsì rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 55, ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì kọminú sí i. Ní oṣù kìíní ọdún 1966, Yunifásítì Ìbàdàn gbàlejò àpérò àkọ́kọ́ nípa iye ènìyàn ilẹ̀ Áfíríkà. John Caldwell àti Chukuka Okonjo kó iṣẹ́ àpérò náà jọ sínú ìwé tó jáde lọ́dún 1968. Nínú rẹ̀ ni Okonjo ti ṣe ìṣirò tirẹ̀ nípa iye ọmọ Nàìjíríà ní àárín ọdún 1962.

Láyé ìgbà náà ni William Brass fi hàn pé níbi tí kò sí àkọsílẹ̀ ìbí àti ikú, a lè bi àwọn ìyá ní iye ọmọ tí wọ́n bí àti iye tó wà láàyè. Bí a bá mọ ọjọ́ orí àwọn ìyá náà, a ó lè ṣírò bí ikú ṣe ń pa ọmọdé tó.

Wọ́n wọ́gi lé ìkànìyàn ọdún 1973 náà. Ti 1991 fún wa ní mílíọ̀nù 88.9, ti 2006 sì lé ní mílíọ̀nù 140. Láti ìgbà náà, wọn ò tíì ka ènìyàn mọ́. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé nọ́ńbà 2006 ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gboyè kejì àti ìkẹta ṣì ń gbé iṣẹ́ wọn lé.

Ẹ wo Ìjọba Ìbílẹ̀ Àríwá Ìbàdàn, níbi tí Bódìjà àti Agbowó wà: 306,795 ni wọ́n kà níbẹ̀ lọ́dún 2006. Bí iye yìí bá ń fi ìdá 3.2 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i lọ́dọọdún, yóò tó nǹkan bí 541,000 lọ́dún 2024. Bó bá jẹ́ 2.5 ni, kò ní ju nǹkan bí 478,000 lọ. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì lé ní 60,000 ènìyàn: àwọn tó nílò omi, ilé ìwòsàn àti abẹ́rẹ́ àjẹsára.

Àwa tí à ń kọ́ Yorùbá rí i pé èdè wa ti là á: ojú àti ìwọ̀n ló wà nínú ìfojúdíwọ̀n. Ẹni tó bá kọ nọ́ńbà kan ṣoṣo, tí kò sọ ìdá tó fi ṣírò rẹ̀, ojú nìkan ló lò; kò tíì wọn nǹkan kan.