Ìtàn Pípín Àyè Ìdúró láàrin Ẹnu-Ọ̀nà Ráútà

Kí a tó dá IXPN, ibùdó ìpàdé àwọn ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì, sílẹ̀ ní Nàìjíríà ní 2006, ìsọfúnni láti Àgọ́-Ìwòyè sí Èkó lè gba òkè òkun kọjá. Irú ibùdó bẹ́ẹ̀ sọ ìbéèrè àtijọ́ kan di ti ilé: bí ìdì ìsọfúnni púpọ̀ bá forí lé ẹnu-ọ̀nà kan náà lẹ́ẹ̀kan, níbo ni wọn yóò dúró sí? Inú ìrántí ẹ̀rọ ni. Ìdì tí kò ráyè níbẹ̀ yóò ṣègbé.

Ọ̀nà méjì ló kọ́kọ́ wà. Bí a bá pín ìrántí dọ́gba, ìpín ẹnu-ọ̀nà tí kò níṣẹ́ yóò ṣófo nígbà tí ìdì ń ṣègbé ní òmíràn. Bí a bá ń jọ lò ó láìsí ààlà, ẹnu-ọ̀nà kan lè gba gbogbo àyè mọ́ àwọn yòókù lọ́wọ́. Ní 1978, Irland dábàá àjọlò tó ní ààlà. Ní 1980, Kamoun àti Kleinrock fi ìṣirò wọn àwọn ọ̀nà wọ̀nyí wò. Ṣùgbọ́n ààlà tí kò yí padà kò lè bá iṣẹ́ tó ń yí padà mu.

Ní 1998, Choudhury àti Hahne ṣàlàyé ààlà tó ń tẹ̀lé àyè tó ṣófo. Ní ìrísí rẹ̀ kan, ìlà kankan kò gbọdọ̀ gùn ju àyè tó ṣẹ́kù lọ. Bí àyè bá jẹ́ 12, ẹnu-ọ̀nà kan tí èrò kún yóò gba 6. Bí wọ́n bá di méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò gba 4. Bí wọ́n bá di mẹ́ta, 3. Nígbà gbogbo, díẹ̀ yóò ṣẹ́kù. Àyè tí a mọ̀ọ́mọ̀ fi sílẹ̀ yìí kì í ṣe òfò. Òun ni ààbò ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn.