Èkó sí Bahia: Báwo Ló Ṣe Jìn Tó Gan-an?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣírò ná. Láti pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà sí Heathrow ní London, tí a bá fa okùn lọ tààrà, nǹkan bíi kìlómítà 5,000 ni. Láti Ìkẹjà kan náà sí Salvador ní Bahia, nílẹ̀ Brazil, nǹkan bíi kìlómítà 5,100 ni. Èkó sí Ìbàdàn ju ìyàtọ̀ yẹn lọ!

Àmọ́ ẹni tó ń lọ London á wọ bàálù, kò ní ju wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ lọ, ó ti balẹ̀. Ẹni tó ń lọ Bahia ńkọ́? Ọ̀nà kan tí àwọn èèyàn ń gbà ni ti Addis Ababa: wọ́n á kọ́kọ́ fò lọ sápá ìlà-oòrùn, bíi 3,900 kìlómítà, wọ́n á wá ṣẹ́rí padà, wọ́n á la Áfíríkà àti òkun kọjá dé São Paulo, bíi 9,900, kí wọ́n tó wọ òmíràn lọ sí Salvador. Gbogbo ẹ̀ ju 15,000 lọ, ìlọ́po mẹ́ta. Bí ogún wákàtí lójú òfurufú nìyẹn, a ò tíì ka ìdúró o. Ọmọ Nàìjíríà tó bá sì ní Yúróòpù lòun máa gbà lè ní láti wá físà ìlú tí kò tiẹ̀ fẹ́ dúró sí.

Ohun tó yà wá lẹ́nu ni pé láyé ọkọ̀ ìgbòkun, ọ̀nà yìí ò yí po rárá. Níléèwé, wọ́n kọ́ wa pé igun mẹ́ta ni òwò ẹrú ní: Yúróòpù, Áfíríkà, Amẹ́ríkà. Ti Bahia yàtọ̀. Àwọn oníṣòwò ibẹ̀ ń kó tábà wá tààrà sí etíkun wa, wọ́n sì ń kó èèyàn lọ tààrà. Ọ̀pọ̀ ò dé ibẹ̀ láàyè. Lẹ́yìn tí àwọn Mùsùlùmí dìde ogun ní Salvador ní January 1835, ìjọba ibẹ̀ fínná mọ́ àwọn èèyàn dúdú tó ti gba òmìnira, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì wọkọ̀ wálé. Àwọn la mọ̀ sí Àgùdà. Obì, aṣọ òfì àti ọṣẹ dúdú náà ń bá ọkọ̀ lọ sí Bahia. Títí dòní, “da Costa”, ìyẹn “ti etíkun”, ni wọ́n ń fi kún orúkọ aṣọ àti ọṣẹ náà. Martiniano Eliseu do Bonfim, ọmọ Bahia, bá bàbá ẹ̀ wá sí Èkó ní 1875, ó kàwé níbí, ó padà ní 1886, ó sì di babaláwo tí gbogbo Bahia ń bọ̀wọ̀ fún.

Kí ló wá dé? Nígbà tí bàálù dé, ìjọba amúnisìn ló la ọ̀nà fún un. Ní 1936, ilé-iṣẹ́ Imperial Airways ti so Nàìjíríà mọ́ London. Brazil ò sí nínú ìṣirò wọn. Lẹ́yìn òmìnira, ẹ̀gbọ́n, iléèwé àti òwò ti wà ní London, èrò ń kún ọkọ̀, ọ̀nà náà ò sì yí padà. A ò lè dá àwọn oníbàálù lẹ́bi tán, èrò ni wọ́n ń wò.

Ní August 2025, nígbà tí Ààrẹ Tinubu lọ sí Brasília, ìjọba méjèèjì fọwọ́ sí àdéhùn lórí ìrìnnà òfurufú. São Paulo ni wọ́n ń dárúkọ o, kì í ṣe Salvador. Tẹ́ ẹ bá balẹ̀ síbẹ̀, ó ṣì ku wákàtí méjì ààbọ̀.