Àlejò Lójú, Kò Fi Ríran: Ìtàn Ọlọ́kọ̀ àti Mẹkáníìkì

 

Ìbéèrè kan la fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Bí ọkọ̀ tó kó tòmátì yín bá dẹnu kọlẹ̀ lójú ọ̀nà, níbi tí ẹ kò ti mọ ẹnikẹ́ni, tí mẹkáníìkì kan sì sọ pé ẹ́ńjìnnì ti bàjẹ́ pátápátá, báwo ni ẹ ó ṣe mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ? Ìbéèrè yìí ti pẹ́, kì í sì í ṣe àwa nìkan ló ń bá fínra. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ojú àwọn ará Amẹ́ríkà rí nínú ọ̀rọ̀ náà.

Láti nǹkan bí 1930 ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń fi mọ́tò fa ilé kékeré lẹ́yìn. Orí táyà ni ilé náà wà, bẹ́ẹ̀dì àti ibi ìdáná sì wà nínú rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Wally Byam, tó dá ilé-iṣẹ́ Airstream sílẹ̀, wà lára àwọn tó sọ irú ilé bẹ́ẹ̀ di olókìkí. Ní 1951, ó ṣáájú ilé orí táyà 63 láti Texas gba Mexico lọ sí Central America. Ọ̀nà náà burú jáì. 14 péré ló rìn ín dópin.

Ẹni tó bá gbé ilé rẹ̀ rìn jìnnà báyìí ti fi mẹkáníìkì tó mọ̀ ọ́n sẹ́yìn. Bí táyà bá yọ, tàbí irin tí wọ́n fi so ilé mọ́ ọkọ̀ bá kán, ọwọ́ ẹni tí kò mọ̀ rí ló bọ́ sí. Àlejò sì ti di, ojú tó ní kò fi ríran mọ́.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe àlejò nígbà náà? Ní 1941, ìwé ìròyìn Reader's Digest wá ìdáhùn. Wọ́n rán ọkùnrin kan àti obìnrin kan káàkiri Amẹ́ríkà nínú mọ́tò tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Bí wọ́n bá ti fẹ́ dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, wọn á yọ wáyà kan lára kọ́ìlì, wọn á ní ọkọ̀ ń ṣe ségesège. Ẹni tó mọṣẹ́ á rí i lójú ẹsẹ̀, kó kàn dá wáyà padà ni.

Ṣọ́ọ̀bù 347 ni wọ́n yà. Nínú ọgọ́rùn-ún, 63 ló hùwà àìtọ́. Àwọn kan gbowó iṣẹ́ tí wọn kò ṣe, àwọn kan sì ta páàtì tí ọkọ̀ kò nílò. Wọ́n dán àwọn tó ń tún rédíò ṣe wò pẹ̀lú, ọ̀rọ̀ ò yàtọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé ìyókù o! Ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta tó ṣòótọ́, àwọn mìíràn nínú wọn kò tilẹ̀ gba kọ́bọ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé olóòótọ́ kò kọ ọ́ síwájú orí.

Ní 1971, ìpínlẹ̀ California ṣe òfin lórí àtúnṣe mọ́tò. Òfin náà kò ní kí ẹnikẹ́ni fi irin búra. Ó ní kí ṣọ́ọ̀bù forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, kó kọ iye tí iṣẹ́ lè jẹ́ sílẹ̀ kó tó fọwọ́ kan ọkọ̀, kó má ṣe kọjá iye náà láìgba àṣẹ ọlọ́kọ̀. Bí ọlọ́kọ̀ bá sì béèrè páàtì tí wọ́n yọ, kí wọ́n fi lé e lọ́wọ́. Ojú àlejò wá bẹ̀rẹ̀ sí í ríran díẹ̀.

Ó kan àgbẹ̀ náà níkẹyìn. Katakata ayé òde òní ní kọ̀ǹpútà nínú, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ Amẹ́ríkà sì kígbe pé ọ̀dọ̀ aṣojú ilé-iṣẹ́ tó ṣe é nìkan ni àwọn ti lè tún àwọn nǹkan kan ṣe. Ẹni tí kò níbòmíràn tó lè lọ kò gbẹ́kẹ̀ lé ọ. Ó há sọ́wọ́ rẹ ni. Ní 2023, ìpínlẹ̀ Colorado kọ́kọ́ ṣe òfin pé kí àwọn tó ń ṣe irinṣẹ́ oko fún àgbẹ̀ àti mẹkáníìkì tó bá wù ú ní ìwé ìtọ́ni, páàtì àti irinṣẹ́ àtúnṣe. Òfin náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 2024.

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Bí ẹ bá gbé ọkọ̀, ẹ̀rọ gàárì tàbí katakata lọ fún àtúnṣe, ẹ béèrè iye owó kí wọ́n tó tú u. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ gba páàtì àtijọ́ padà, kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò. Mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ kò ní bínú sí i. Òun gan-an ni irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ń gbè. Bí ẹ bá sì ti rí olóòótọ́, ẹ má ṣe tìtorí náírà díẹ̀ fi í sílẹ̀.