Ta Ló Ń Dáwó fún Ẹgbẹ́ Yín?

Bí wọ́n bá ti fi yín ṣe akápò ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rí, ẹ mọ bó ṣe ń rí. Ayẹyẹ ti sún mọ́lé, àpò gbẹ. Ẹ ta tíṣẹ́ẹ̀tì, ẹ ta súyà, ẹ fi nọ́ńbà àkáǹtì sórí WhatsApp, ẹni mẹ́ta péré ló fèsì.

Àwa tí a máa ń pàdé ní Ogudu lópin ọ̀sẹ̀, ẹgbẹ́ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì ló so wá pọ̀. Lọ́dún kan, iléeṣẹ́ kan ní àwọn máa san gbogbo owó ayẹyẹ wa. Inú wa dùn. Nígbà tí owó wọlé tán ni wọ́n ní àwọn ló máa yan ẹni tó máa sọ̀rọ̀. Kí la fẹ́ sọ? Lọ́jọ́ ayẹyẹ, a di àlejò nínú ilé ara wa.

Àwọn kan ti kojú irú ọ̀rọ̀ yìí kí wọ́n tó bí àwọn òbí wa.

Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ ọdún 1925, Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta tó ń kẹ́kọ̀ọ́ òfin ní Lọ́ńdọ̀nù, àti Dókítà Herbert Bankole-Bright láti Sierra Leone dá ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀. WASU ni wọ́n ń pè é, ó sì bá "wàásù" tiwa mu.

Ohun tó ń dùn wọ́n jù ni ilé. Ọ̀pọ̀ onílé ní Lọ́ńdọ̀nù kì í gba ènìyàn dúdú. Ní 1928, Marcus Garvey fún wọn ní ilé kan lò, ṣùgbọ́n fún ìgbà díẹ̀ ni. Wọ́n nílò ilé tó jẹ́ tiwọn.

Ní 1929, Ṣólàńkẹ́ kó ẹrù rẹ̀, ó wálé wá dáwó. Ó dé Nàìjíríà, Gáná ìgbà náà, Sierra Leone àti Gáḿbíà. Bó ṣe ń dé ìlú, ó ń bá àwọn ọba, àwọn ọ̀mọ̀wé àti àwọn oníṣòwò sọ̀rọ̀, ó sì ń dá ẹ̀ka WASU sílẹ̀. Ẹ wo ọgbọ́n yẹn dáadáa: ẹ̀ka kì í dáwó lẹ́ẹ̀kan kó tú ká. Ìrìn àjò yẹn náà ló ti pàdé Ọpẹ́olú Ọbísànyà, tó di ìyàwó rẹ̀, tó sì wá ń tọ́jú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nínú ilé náà. Ní 1932 ló tó padà. Ní 1933, wọ́n ṣí ilé WASU ní Camden Town.

Ìjọba amúnisìn náà fẹ́ ní ilé akẹ́kọ̀ọ́ tirẹ̀, Aggrey House, tí wọ́n ṣí ní 1934. WASU kọ̀ ọ́. Wọ́n tẹ ìwé pélébé jáde pé ìjọba fẹ́ fi ilé náà ṣọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni. Kí ló jẹ́ kí wọ́n lẹ́nu láti sọ bẹ́ẹ̀? Orí wọn wà lábẹ́ òrùlé tí àwọn ará ilé dáwó sí.

A kò ní purọ́ fún yín: nígbà tó yá, WASU fúnra rẹ̀ gba owó ìjọba, nítorí owó ilé kì í tán. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ní ilé kí wọ́n tó jókòó bá ìjọba sọ̀rọ̀. Ọwọ́ ẹni tó ń fúnni ló máa ń wà lókè; ẹni tó ti ní tirẹ̀ díẹ̀ nìkan ló lè dúnàá dúrà.

Torí náà, ẹ̀yin akápò, ẹ kọ́kọ́ wá àwọn tó ti jáde nínú ẹgbẹ́ yín. Ẹ ní kí wọ́n máa dá díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù, bíi àjọ, kí ẹ sì máa fi ìṣirò owó han gbogbo wọn. Agbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Bí onígbọ̀wọ́ bá wá dé lẹ́yìn náà, ẹ gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè ohun tó fẹ́ kí owó tó wọlé. Àwa kò béèrè.