Ọ̀nà Tí Omi Ìkẹjà Ń Gbà Jáde

Ẹni tó bá ń ti Maryland lọ sí Ojota yóò gba orí afárá kan kọjá. Kò dájú pé yóò bojú wo ìsàlẹ̀, àfi bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá dá a dúró níbẹ̀. Odò Ìyá Aláró ló wà lábẹ́ afárá náà. Orúkọ yẹn kò ṣòro túmọ̀: obìnrin tó ń rẹ aṣọ sínú aró ni ìyá aláró, aláró kì í sì í jìnnà sí omi. Nínú ìwé àwọn ẹnjiníà Ìpínlẹ̀ Èkó, System 1 ni ojú omi kan náà ń jẹ́. Àárín orúkọ méjèèjì yìí ni ìtàn omi òjò Ìkẹjà wà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé òkun àti ọ̀sà ló ń fi omi yọ gbogbo Èkó lẹ́nu. Ti Ìkẹjà àti Agége yàtọ̀. Orí ilẹ̀ pupa tó ga ju etí ọ̀sà lọ ni wọ́n wà. Òjò tó bá rọ̀ síbẹ̀, sísọ̀kalẹ̀ ni tirẹ̀: apá kan ń dorí kọ Odò Ògùn, apá kan ń gba Ìyá Aláró lọ sínú ọ̀sà. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Èkó ní 1896, oko ló pọ̀ lápá ibẹ̀. Ní 1907, J.K. Coker àti àwọn àgbẹ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá Agege Planters' Union sílẹ̀. Kòkó àti obì ni wọ́n ń gbìn. Oko obì kò nílò gọ́tà. Ewé ló ń kọ́kọ́ pàdé òjò, ilẹ̀ á sì rọra mu èyí tó kù.

Òṣèlú ló gbé páànù dé. Ní 1954, wọ́n yọ ìlú Èkó kúrò lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tó fi Ìbàdàn ṣe ibùjókòó, ó di ti ìjọba àpapọ̀. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ṣì ń fẹ́ ilé iṣẹ́ tí kò ní jìnnà sí èbúté Apapa, tí owó orí rẹ̀ yóò sì máa wọ àpò Ìbàdàn. Ìkẹjà ló bọ́ sí i: reluwé ń bẹ níbẹ̀, pápákọ̀ òfuurufú ń bẹ níbẹ̀. Bí ọgbà ilé iṣẹ́ Ìkẹjà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn ní ìparí àwọn ọdún 1950. Títí dòní, títì ńlá ibẹ̀ ń jẹ́ orúkọ Ọba C.D. Akran ti Àgbádárìgì, tó jẹ́ mínísítà nínú ìjọba náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, Guinness Nigeria kọ́ ilé ọtí rẹ̀ sí Ìkẹjà. Cadbury dé Agídìngbì ní 1965.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò páànù kan ṣoṣo. Bí òrùlé ilé iṣẹ́ kan bá fẹ̀ tó hẹ́kítà kan, tí òjò 50 mìlímítà sì rọ̀ sórí rẹ̀, omi tí yóò ti etí páànù ṣàn jẹ́ lítà 500,000. Táńkà 50 ni, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba 10,000 lítà. Omi tí oko obì ì bá mu fún ọjọ́ mélòó kan ni gọ́tà ní láti gbé lọ láàárín wákàtí kan tàbí méjì. Ilé iṣẹ́ kan péré sì nìyẹn.

Ta ló wá ń ronú nípa ibi tí omi náà ń lọ? Ní Erékùṣù Èkó, Gómìnà MacGregor ti gbẹ́ kànáà sáàárín Èkó àti Ìkòyí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Ẹ̀fọn ni wọ́n ń bá jà nígbà náà, ohun kan náà tó mú kí wolé-wolé máa tú ìkòkò omi kiri nítorí tanwíjí. Àjọ LEDB, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1928 lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn eku, ló ń tún ìlú ṣe, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kò dé Ìkẹjà. Ìkẹjà ní àjọ tirẹ̀. Ọdún 1972 ni wọ́n tó pa àjọ méjèèjì pọ̀ mọ́ ti Ẹ̀pẹ́, tí wọ́n di àjọ kan ṣoṣo tó ń jẹ́ LSDPC. Nígbà tí ẹnì kan fi máa lè wo ilẹ̀ láti Ìkẹjà dé etí ọ̀sà gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà omi kan ṣoṣo, èèyàn ti kọ́lé kún ẹ̀bá rẹ̀. Ní 1976, Ìkẹjà di olú-ìlú ìpínlẹ̀, ilé tún pọ̀ sí i.

Ìbàdàn olókè ló kọ́kọ́ rí èyí tó burú jù. Ní 31 Oṣù Kẹjọ 1980, Odò Ògùnpa kún kọjá ààlà, ó gbé ilé, ó gbé èèyàn lọ. Èkó gbọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yá. Ọdún 1993 ni Báǹkì Àgbáyé fọwọ́ sí ẹ̀yáwó mílíọ̀nù 63 dọ́là fún gọ́tà àti ìmọ́tótó Èkó. Ọjọ́ Àìkú 10 Oṣù Keje 2011 ni òjò tó ju 200 mìlímítà lọ wá fi bí iṣẹ́ tó ṣẹ́kù ṣe pọ̀ tó hàn.

Iṣẹ́ kíkó gọ́tà kò lẹ́wà lójú. Àwọn tó ń kó gọ́tà á gbé pẹpẹ kọnkéré kúrò, wọ́n á fi ṣọ́bìrì wa pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ dúdú tí ọ̀rá píọ̀wọ́tà ti há sínú rẹ̀, wọ́n á kó o jọ sétí títì. Ó di ìgbà tí ọkọ̀ bá wá kó o. Bí òjò bá ṣáájú ọkọ̀, gọ́tà náà ni ẹrẹ̀ ń padà sí. Láti ayé ìjọba ológun Buhari àti Idiagbon ni aráàlú ti ń jáde fún ìmọ́tótó oṣooṣù. Ìjọba Èkó fòpin sí i ní Oṣù Kọkànlá 2016. Àwọn òṣìṣẹ́ EFAG ti ìjọba ló ń kó gọ́tà kiri báyìí.

Wọ́n ní àgbàrá òjò kò lóun ò ní wó ilé, onílé ni kò ní gbà fún un. Ní Mende, nísàlẹ̀ Maryland, katapílà ìjọba ló wó ilé tó dí ọ̀nà System 1 ní 2024. Bí wọ́n bá tilẹ̀ la gbogbo rẹ̀ tán, ọ̀sà ṣì wà níwájú. Nígbà tí omi òkun bá ń wọlé, ọ̀sà á ga sókè, kò sì ní gba àlejò. Omi tó ti Ìkẹjà sáré bọ̀ á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa ga díẹ̀díẹ̀ padà sẹ́yìn lọ́dọ̀ àwọn tó kọ́lé sẹ́bàá Ìyá Aláró, títí òkun yóò fi fà.