Erédò Súngbọ́: Odi Tí Ó Yí Ìjẹ̀bú Ká, àti Àwọn Tí Ó Gbẹ́ Ẹ



Ó lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu pé a wá sọ̀rọ̀ odi oníyẹ̀pẹ̀ ní Mọlútẹ̀hìn, níbi tí ènìyàn kò lè gbẹ́ ilẹ̀ ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ méjì kí omi má bá a níbẹ̀. Orí òpó ni a ń kọ́ ilé wa sí, ọkọ̀ ni ẹsẹ̀ wa, a kò sì ní ilẹ̀ pupa tí a lè fi mọ odi kankan. Àwọn baba wa kò wá odi, nítorí pé omi ni odi tiwọn. Ọ̀tá tí kò bá mọ ọ̀nà láàárín ẹrẹ̀ àti igi ẹ̀gbà kò lè dé ọ̀dọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n gbogbo yín ni ẹ mọ bí odi náà ti yí padà di ọ̀tá. Òkun ti gba ilẹ̀ lọ́wọ́ Awóyè, ó ti gbà á lọ́wọ́ wa níhìn-ín, ó sì ti gba púpọ̀ lọ́wọ́ Ayétòrò, ìlú tí a tẹ̀ dó ní 1947. Nítorí náà ni ọ̀rọ̀ odi kò fi kúrò lẹ́nu wa mọ́, tí a sì ń bi ara wa léèrè pé ta ni yóò wá bá wa mọ ọ́n. Ìbéèrè yìí gan-an, pé ta ni ó mọ odi, ni mo fẹ́ gbé lọ sí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ní alẹ́ yìí.

Ibẹ̀ kò jìnnà. Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà omi lọ sí ìhà ìwọ̀-oòrùn títí dé Ẹ̀pẹ́, tí ó sì gba ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde láti ibẹ̀, yóò kọjá ní ìlú kan tí a ń pè ní Erédò. Orúkọ odi náà ni ìlú yìí ń jẹ́, àwọn èrò púpọ̀ sì ti la odi náà kọjá láìmọ̀, tí wọ́n rò pé òkè lásán ni.

Erédò Súngbọ́ kì í ṣe odi ìlú kan ṣoṣo. Ó yí ìlú púpọ̀, oko àti igbó ká lápapọ̀, èyíinì ni àárín gbùngbùn ìjọba Ìjẹ̀bú àtijọ́. Láti àríwá dé gúúsù ó tó nǹkan bí 40 kìlómítà, láti ìlà-oòrùn dé ìwọ̀-oòrùn nǹkan bí 35. Bí ènìyàn bá tẹ̀ lé e yíká, yóò rìn tó 160 kìlómítà, èyíinì ni 100 máìlì. Ní ibi tí ó ga jù, bí a bá wọ̀n ọ́n láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí odi, ó tó 20 mítà, gíga igi àgbọn tí ó ga dáradára.

Ọ̀nà tí a gbà mọ ọ́n rọrùn láti sọ. Wọ́n gbẹ́ yàrà, wọ́n sì da erùpẹ̀ tí ó ti inú rẹ̀ jáde sí ẹ̀gbẹ́ ti inú, ní ìhà ìlú. Nípa bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ kan ṣoṣo bí nǹkan méjì. Ọ̀tá tí ó bá wá láti òde yóò kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ sínú ọ̀gbun, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè, àwọn tí ó ń dúró dè é yóò sì wà lórí rẹ̀ ní gbogbo àkókò náà. Kò sí òkúta níbẹ̀, kò sí bíríkì, kò sí ohun tí a fi lẹ̀ wọ́n pọ̀. Ilẹ̀ pupa Ìjẹ̀bú fúnra rẹ̀ ni ó ṣe gbogbo iṣẹ́: ó gba ọkọ́ nígbà tí ó wà ní ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ àti oòrùn bá ti kàn án, a máa le bí òkúta. Nítorí èyí ni ògiri yàrà náà fi dúró ṣánṣán ní ibòmíràn títí di òní, lẹ́yìn òjò bí ẹgbẹ̀ta ọdún. Ní ibi tí wọ́n gbẹ́ dé tí wọ́n sì kan omi, wọ́n dá ọwọ́ dúró. Wọ́n fi àbàtà sílẹ̀ kí ó ṣe iṣẹ́ odi, bí ó ti ṣe é fún àwọn baba wa. Ará Ìlàjẹ tí ó bá dé irú ibẹ̀ kò ní nílò ẹni tí yóò ṣàlàyé rẹ̀ fún un.

Patrick Darling, ará Gẹ̀ẹ́sì kan tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún rin ẹ̀bá àwọn odi Bìní àti ti Ìjẹ̀bú, ṣe ìṣirò erùpẹ̀ náà. Ẹ fi ọkàn ya àwòrán àpótí kan tí gígùn rẹ̀, ìbú rẹ̀ àti gíga rẹ̀ jẹ́ mítà kọ̀ọ̀kan, kí a sì kó erùpẹ̀ kún un. Irú àpótí bẹ́ẹ̀ tí a gbẹ́ jáde nínú Erédò tó 3,500,000. Pírámídì tí ó tóbi jù ní Íjíbítì kò tó bẹ́ẹ̀. Tirẹ̀ jẹ́ bí 2,600,000. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kékeré tiwa. Bí ọkùnrin kan bá lè gbẹ́ àpótí méjì ní ojúmọ́ kan, kí ó sì rù ú gòkè, iṣẹ́ náà yóò gba ojúmọ́ 1,750,000. Bí 1,000 ọkùnrin bá ń ṣe é fún 100 ọjọ́ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kọ̀ọ̀kan, nígbà tí iṣẹ́ oko dínkù, yóò gbà wọ́n ní ẹ̀ẹ̀rùn mẹ́tàdínlógún àti àbọ̀. Graham Connah, tí ó wa ilẹ̀ ní Bìní láàárín 1961 àti 1964, ṣe irú ìṣirò yìí nípa odi tí ó yí àárín ìlú náà ká: ó ní bí a bá fẹ́ parí rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀rùn kan, 5,000 ọkùnrin ni yóò ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́wàá lójoojúmọ́ fún 97 ọjọ́.

Ìṣirò yìí kò sì tíì ka obìnrin tí ó se oúnjẹ wọn, alágbẹ̀dẹ tí ó rọ ọkọ́ wọn, àti ẹni tí ó hun agbọ̀n. Ẹ kò lè ṣàì rí i pé abúlé kan kò lè ṣe é. Ìjọba ni ó ṣe é, ìjọba tí ó lè pe ènìyàn kí wọ́n wá, tí ó sì lè bọ́ wọn. Èyí ni ó mú kí n má fara mọ́ àwọn tí ń sọ pé àwọn ọ̀dọ́ wa ni kí ó fi ọwọ́ ara wọn dí òkun. Yẹ̀pẹ̀ kò lè dúró níwájú ìgbì. Òkúta ńlá láti òkè ni a óò kó wá, Àbújá sì ti ṣe ìlérí rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Nísisìyí mo dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti le. Àwọn ará Ìjẹ̀bú sọ pé obìnrin ọlọ́rọ̀ kan, opó tí kò bímọ, Bílíkísù Súngbọ́, ni ó ní kí a gbẹ́ ẹ, kí orúkọ rẹ̀ má bàa parun. Ibojì rẹ̀ wà ní Òkè-Erí, lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde. Mùsùlùmí àti Kristẹni ni ó sì ń lọ síbẹ̀ lọ́dọọdún. Nítorí pé Bílíkísù ni orúkọ tí àwọn Lárúbáwá fún ayaba Ṣébà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ti sọ pé òun gan-an ni ayaba tí ó fi ràkunmí ru wúrà àti tùràrí wá sọ́dọ̀ Sólómọ́nì. Ní 1999 àwọn ìwé ìròyìn gbé ọ̀rọ̀ yìí káàkiri ayé. Mo mọ̀ pé ó dùn létí wa nínú ìjọ, pé ẹni tí a kà nípa rẹ̀ nínú Ìwé Mímọ́ sùn ní ilẹ̀ Yorùbá.

Ṣùgbọ́n kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ìwé Àwọn Ọba Kìíní, orí kẹwàá, kò dárúkọ ayaba náà. Kùránì pẹ̀lú kò dárúkọ rẹ̀. Ẹnu àwọn Lárúbáwá tí ó ṣàlàyé Kùránì ni Bílíkísù ti jáde, kò sì lè dé Ìjẹ̀bú ṣáájú ẹ̀sìn Ìsìláàmù. Sólómọ́nì jọba ní nǹkan bí 950 ọdún kí a tó bí Olúwa wa. Àwọn awalẹ̀pìtàn tí ó gbẹ́ inú Erédò ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí rí i pé láàárín 1300 àti 1500 lẹ́yìn ìbí Olúwa ni a mọ ọ́n. Ó ju ẹgbẹ̀wá ọdún tí ó wà láàárín àwọn méjèèjì.

Ẹ ṣàkíyèsí pé ayaba yìí kan náà ni wọ́n ti gbé iṣẹ́ ẹlòmíràn fún rí. Ní 1871 ará Jámánì kan, Carl Mauch, dé ibi odi òkúta ńlá Zimbabwe, ó gé igi díẹ̀ lára àtẹ́rígbà ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó rò pé kédárì Lẹ́bánónì ni, ó sì sọ pé ayaba Ṣébà ni ó kọ́ ọ. Àwọn òyìnbó tí ó gba ilẹ̀ náà fẹ́ràn ìtàn yìí, nítorí pé bí àwọn aláwọ̀ dúdú kò bá kọ́ ọ, ó dàbí ẹni pé ilẹ̀ náà kì í ṣe tiwọn. Ní 1929 obìnrin ará Gẹ̀ẹ́sì kan, Gertrude Caton-Thompson, wa ilẹ̀ níbẹ̀, ó sì fi hàn gbangba pé ọmọ Áfíríkà ni ó kọ́ ọ. Ohun tí àwọn yẹn fi ìwọra ṣe, àwa ń fi ìfẹ́ Bíbélì ṣe é. Àwọn tí ó ru erùpẹ̀ ni ó sì ń pàdánù nínú méjèèjì.

Èmi kò sọ pé Súngbọ́ kò sí rí. Ìjẹ̀bú ti ní obìnrin ọlọ́rọ̀ àti alágbára ní ìgbà púpọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sì yẹ kí Súngbọ́ ti Sébà wá kí ó tó lẹ́tọ̀ọ́ sí ọlá tirẹ̀.

Láàárín 1505 àti 1508, Duarte Pacheco Pereira, atukọ̀ ará Pọtogí, kọ ìwé kan nípa etíkun Áfíríkà. Ó kọ ọ́ pé nínú ọ̀sà Èkó, ìlú ńlá kan wà tí ń jẹ́ Geebu, tí yàrà ńlá yí ká, tí ọba rẹ̀ ń jẹ́ Agusale. Ta ni kò mọ̀ pé Ìjẹ̀bú àti Awùjalẹ̀ ni? Yálà yàrà tí ó yí ìlú nìkan ká ni ó gbọ́ ìròyìn rẹ̀, yálà Erédò, àwọn ará Ìjẹ̀bú ti di olókìkí nípa odi ní ìgbà tí òyìnbó kọ́kọ́ dé. Ó kọ ọ́ pẹ̀lú pé ẹrú ni a ń rà níbẹ̀, ẹgbà ọwọ́ idẹ 12 sí 15 fún ẹnì kan. Èyí kò dùn láti sọ nínú ìtàn tí a fi ń yin àwọn baba ńlá, ṣùgbọ́n òun náà wà nínú ìwé kan náà.

Nígbà tí ọjọ́ odi náà pé, ìbọn ni ó borí rẹ̀. Ní oṣù karùn-ún 1892 àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì bọ́ sílẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́, wọ́n sì gba ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde. Kì í ṣe lórí Erédò ni Ìjẹ̀bú ti dúró dè wọ́n, bí kò ṣe ní odò Yemọji, lẹ́bàá Ìmàgbọn. Ní ọjọ́ 19 oṣù náà ni ìbọn Maxim sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ní ọjọ́ kejì àwọn Gẹ̀ẹ́sì wọ Ìjẹ̀bú-Òde.

Láti ìgbà náà kò sí ẹni tí ń tún odi náà ṣe. Ọ̀nà mọ́tò ti gé e ní ibi púpọ̀, àgbẹ̀ ti fi í ṣe oko, àwọn tí ń kọ́lé sì ń wa ilẹ̀ pupa rẹ̀ tà. Ní 1995 ìjọba Nàìjíríà fi orúkọ rẹ̀ àti ti odi Bìní ránṣẹ́ sí UNESCO fún ìgbà tí a óò lè kà wọ́n mọ́ àwọn ohun ìní gbogbo ayé. A kò tíì kà á mọ́ wọn.

Ẹni tí ó bá fẹ́ rí i nínú yín, kí ó wọ ọkọ̀ ojú omi dé Ìgbókọ̀dá, kí ó gba Òkìtìpupa àti Orè lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, kí ó sì béèrè ọ̀nà Òkè-Erí. Kí ó lọ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ó sì sọ̀kalẹ̀ sínú yàrà náà, kí ó má ṣe wò ó láti òkè nìkan. Nígbà òjò omi a máa dúró níbẹ̀. Ará Ìlàjẹ kò bẹ̀rù omi, ṣùgbọ́n wọn kì í fi ọkọ̀ yá ènìyàn ní ìhà ibẹ̀.