Teŋri: Ìtàn Ọ̀rọ̀ Kan àti Àwọn Ọmọ Rẹ̀

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ èdè, bí onímọ̀ ẹ̀dá-èdè bá fi àmì ìràwọ̀ síwájú ọ̀rọ̀ kan, ohun tí ó ń wí ni pé kò sí ibi tí a ti rí ọ̀rọ̀ náà lákọsílẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ ni a fi wé ara wọn kí a tó mọ bí ìyá wọn ti rí. Irú rẹ̀ ni *teŋri, 'sánmà' àti 'Ọlọ́run', nínú èdè ìṣẹ̀ǹbáyé tí ó bí ẹbí Turkic. Yorùbá ní Ọlọ́run ni ó ni ọ̀run. Ní tiwọn, ọ̀rọ̀ kan náà ni fún ọ̀run àti fún Ẹni tí ń bẹ níbẹ̀.

Àwọn òkúta ìrántí tí ó wà ní àfonífojì Orkhon, ní Mòǹgólíà, ni a ti rí ọ̀rọ̀ yìí kà kedere: ti Kül Tigin (732) àti ti Bilge Kağan (735). Fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, kò sí ẹni tí ó lè ka àwọn àmì náà, títí di 1893 tí Vilhelm Thomsen, ọmọ Dẹ́ńmáàkì, tú wọn. Teŋri wà lára àwọn ọ̀rọ̀ tí ó kọ́kọ́ dá mọ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà lè dàgbà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Hànshū, ìwé ìtàn àwọn ará Ṣáínà tí a kọ ní nǹkan bí 1900 ọdún sẹ́yìn, sọ pé àwọn Xiongnu ní ọ̀rọ̀ kan fún sánmà, èyí tí a ń kà ní 'chengli' lónìí. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ so ó mọ́ teŋri. Ní 2001, Stefan Georg dábàá pé ọ̀rọ̀ àyálò ni, láti inú àwọn èdè Yeniseian ti Sàìbéríà, níbi tí ọ̀rọ̀ tí ó jọ ọ́ ti túmọ̀ sí 'gíga'. Àbá náà wọ̀ mí létí.

Àwọn ọmọ rẹ̀ ńkọ́? Kazakh ń pè é ní täñir, Yakut ní taŋara, Chuvash ní tură. Tanrı ti àwọn ará Tọ́kì ni ó yani lẹ́nu jù. Òfin àǹkóò fáwẹ́lì kò béèrè ìyípadà yìí rárá, nítorí e àti i ti bá ara wọn mu tẹ́lẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún àfijọ o! 'Tenger' ti àwọn ará Họ́ńgárì, 'òkun' ni. Ẹbí teŋiz ni ó ti wá. Àwọn tí ń so teŋri mọ́ 'dingir' ti Sumer ń ṣe irú ohun tí J. Olumide Lucas ṣe ní 1948, nígbà tí ó kó ọ̀rọ̀ Yorùbá lọ sí Íjíbítì àtijọ́: ìró jọra, kò sí òfin ìyípadà kankan tí ó gbè é lẹ́sẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ti dá ìjà sílẹ̀ rí. Ní 1932, ìjọba Tọ́kì pàṣẹ pé kí a máa fi èdè Tọ́kì pe ìrun. 'Tanrı uludur' rọ́pò 'Allahu akbar'. Láti 1941, òfin ń fìyà jẹ ẹni tí ó bá fi Lárúbáwá pè é, títí a fi mú ìdènà náà kúrò ní oṣù Kẹfà 1950. Àwọn mọ́sáláṣí sì padà sí Lárúbáwá. Mùsùlùmí ilẹ̀ Yorùbá, tí ń wí pé Ọlọ́hun nínú wáàsí tí ó sì ń pe ìrun ní Lárúbáwá, yóò tètè lóye ìdí rẹ̀. Lónìí, Allah ni ọ̀pọ̀ ará Tọ́kì ń pè nínú àdúrà, tanrı sì bọ́ sí ipò orúkọ fún òrìṣà àwọn ará àtijọ́. Láàárín àwọn Chuvash, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ Kristẹni, Tură ṣì ni orúkọ Ọlọ́run nínú Bíbélì.